Owó Ọrùn Shuanzhu

Ojú ń tì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń retí pé kí n yin ọkọ mi níbí, kó gba ilé ẹlòmíràn lọ. Mo yìn ín tó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi yìn ín káàkiri àdúgbò wa, títí ìyìn náà fi gbé wa dé ibi tó gbé wa dé.

Hou Laishun lorúkọ ọkọ mi. Òun ló ń bá èèyàn wo owó idẹ oníhò àtijọ́ lẹ́yìn tẹ́ńpìlì ìlú wa, létí odò Fen ní China, ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ẹ mọ̀ pé kò sí ilé tí kò ní owó oníhò. Bàbá àgbà fi èyí sílẹ̀ nínú àpótí, ìyá àgbà rán tọ̀hún mọ́ ìgbànú, òmíràn ni wọ́n fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà mì. Àwọn èèyàn á kó o wá, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n Hou, ẹ bá wa wò ó, ayé ọba wo ni wọ́n ṣe é?" Òun á sì jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí adájọ́. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí owó náà bọ́ sórí bíríkì, á fi etí sí dídún rẹ̀. Á fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ yíká. Á gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ni á yọ ahọ́n, á tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí. "Idẹ àtijọ́ kì í ta ahọ́n," ló máa ń wí, "ayédèrú ló ń ta bí ọtí kíkan tí kò tíì pé." Ará Shanxi, ilẹ̀ tí ọtí kíkan ti gbajúmọ̀, sì ni wá, kò sí ẹni tó lè parọ́ ọtí kíkan fún wa.

Èmi ló ń tẹ́ aṣọ, èmi ló ń to owó sí i, èmi ló ń bu tíì fún oníbàárà. Èmi náà ló ni ariwo. Bí ẹnìkan bá ń ṣiyèméjì, màá ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Ojú ọkọ mi kì í ṣì í! Àbúrò bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré!" Ohun tó sọ fún mi nìyẹn nígbà tó fẹ́ mi, mo sì gbà á gbọ́. Mo pọn irọ́ yẹn kiri bí ẹni pọn ọmọ.

Ní ọjọ́ ọjà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, lọ́dún 1990, obìnrin kan wá bá wa. Xue Cuilian ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìyàwó ilé Bai tí wọ́n ń ta ìyẹ̀fun. Ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ mọ́ra nínú aṣọ òwú nínípọn. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù kan ni, ẹyin pupa tí wọ́n fi ṣe àsè rẹ̀ ò tíì tán nílé. Shuanzhu ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ kó má lọ mọ́. Okùn pupa wà lọ́rùn rẹ̀, owó ààbò kan sì wà lórí okùn náà. Ìyá ọkọ Cuilian, Ìyá Bai, ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó káwọ́ sínú apá aṣọ, ó ń wo ọjà bí ẹni pé òun ló ni ín.

"Ẹ̀gbọ́n Hou, ẹ kú ọjà," Cuilian wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí. Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Èmi náà lò ó lọ́rùn ní kékeré. Mo kàn fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ bó ṣe pẹ́ tó ni."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń pè ní ìyá mi yẹn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ìyàwó yìí ti wọlé ni Ìyá Bai ti ń sọ pé kò kó nǹkan kan wá láti ilé wọn àyàfi ebi. Owó yìí nìkan ni Cuilian ní tó lè fi dá a lóhùn. Ó gbé e wá síwájú ọkọ mi kí ọkọ mi lè bá a dá a lóhùn.

Laishun di owó náà mú láì tú u lọ́rùn ọmọ, ó tẹ̀ síwájú. Wọ́n kọ "ẹ̀mí gígùn, ọlá àti ọrọ̀" sí ojú kan. Ní ojú kejì, ẹranko méjìlá tí a fi ń ka ọdún tò yí ihò náà ká, débi tí èèyàn lè ka eyín ẹṣin. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ara rẹ̀ ò dáa. Owó tí wọ́n bá jogún láti ọwọ́ dé ọwọ́, òógùn ọwọ́ èèyàn á sọ ọ́ di dúdú dídán. Èyí tí ilẹ̀ bá jẹ ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí ewé tútù. Owó Cuilian ní àwọ̀ ewé, ìpẹtà náà sì nípọn, ó rí gbágungbàgun. A sì mọ ibi tí irú rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n máa ń fi owó sí òkú lẹ́nu kó má baà dé ọ̀hún lófìfo, àwọn olè ibojì a sì máa yọ ọ́.

Ó lè rọra sọ ọ́ sí i létí. Ó lè ní, "Àbúrò mi, máa gbé e lọ ilé, màá bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́la." Ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀, ẹni bí ogójì, ọkùnrin kan tó ti Taiyuan wá ra nǹkan sì wà níbẹ̀ tó ń la ẹnu wò ó. Laishun gbé ohùn sókè.

"Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ?"

"Ó ti kú. Agbẹ́kànga ni, ní abúlé Xigou."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan láàrin èrò ké sókè pé, "Agbẹ́kànga! Ó gbẹ́ kànga tán, kí ló tún ń gbẹ́?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ọlọ́bẹ̀ tó wà lódìkejì rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé ṣíbí sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, kò sí ẹni tó tún lè dá Laishun dúró. Ó jẹ́ kí owó náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìgbẹ́, ó ní, "Àbúrò, ẹnu òkú ni owó yìí ti jáde." Kò tọ́ ọ wò. Ta ni yóò fi ahọ́n kan irú ẹ̀?

Ìyá Bai sún mọ́ wa. Ó na ọwọ́, ó já okùn náà lọ́rùn ọmọ. Ọmọ figbe ta, ojú okùn sì pọ́n lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ owó náà lu aṣọ tí a tẹ́.

"Àṣé ìdí tó fi ń wúkọ́ láti ìjẹta nìyí! O fi nǹkan òkú kọ́ ọmọ mi lọ́rùn! Ìwọ ọmọ olè ibojì yìí!"

"Irọ́ ni!" Cuilian ké. "Bàbá mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí! Mà, ẹ má gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì mu ọyàn."

Ìyá Bai ti gbà á ná. Cuilian dúró lófìfo níwájú wa, ó wo ọkọ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú àwọn èrò níkọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀ kànga yẹn. Kò rí i. Ó sáré tẹ̀lé ọmọ rẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ kejì, a ti gbọ́ ìyókù. Wọ́n ti lé e lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Xigou. Ọkọ rẹ̀ ò la ẹnu, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ìyá rẹ̀ ni. Wàrà ewúrẹ́ àti omi ògì jéró ni wọ́n ń fún ọmọ oṣù kan. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń rìn wá láti Xigou, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyẹ̀fun, iwájú aṣọ rẹ̀ á ti tutù fún omi ọyàn. Wọn ò ṣílẹ̀kùn.

Owó náà wà lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Laishun wé e sínú ìwé ìròyìn, ó sọ ọ́ sí orí fèrèsé ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń fi iyọ̀ tọ́jú ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ nígbà òtútù. Gbogbo obìnrin ìlú wa ló ń ṣe é lásìkò yẹn: a ó kó gbòǹgbò músítádì sínú ìkòkò ńlá, a ó da iyọ̀ sí i, a ó fọ́n ata wẹ́wẹ́ ilẹ̀ wa tó máa ń mú ahọ́n kú tipiri sí i, a ó sì gbé òkúta lé e lórí. Ìdérí ìkòkò mi ní òrùka idẹ tí mo fi ń gbé e. Mo dì í mú, mo fẹ́ gbé e, mo wá wo òrùka náà bí ẹni tí kò rí i rí. Àwọ̀ ewé ló ní. Ìpẹtà ara rẹ̀ nípọn, ó rí gbágungbàgun.

Mo nu ọwọ́, mo tú ìwé ìròyìn. Àwọ̀ kan náà ni. Mo gbé owó náà lọ sí ibi ìmọ́lẹ̀, mo rí nǹkan dúdú kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ ihò rẹ̀ lábẹ́ ìpẹtà. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Èèpo ata ni. Mo gbé e sẹ́nu, kò pẹ́ tí ṣóńṣó ahọ́n mi kú díẹ̀. Mo wá tọ́ inú ihò náà wò.

"Bàbá Yanping!" mo ké pè é. Yanping ni ọmọ wa obìnrin. "Bàbá Yanping, ẹ wá níbí!"

"Kí ló dé? Ìkòkò fọ́ ni?"

"Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè ni. Ṣé òkú máa ń jẹ ata?"

"Òkú wo?"

"Òkú yín tó ni owó yìí. Ó jọ pé ó fẹ́ràn ẹ̀fọ́ oníyọ̀ gan-an. Ẹ wo òrùka ìkòkò mi. Ẹ wo owó yìí. Ẹ wo èèpo ata tí mo yọ níbẹ̀. Ojú tí kì í ṣì í, ẹ wò ó!"

Mo rò pé yóò bá mi jà. Ì bá sàn. Ó wo owó náà, ó wo ìkòkò, ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì igi ìdáná.

"Agbẹ́kànga Xigou," ló wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá Yanping, kò sí àbúrò bàbá kankan tó kọ́ mi níṣẹ́."

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, lọ́sàn-án gangan, iyọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ọmọ iléèwé. Ọdún tí ìjọba ní kí àwọn ọmọ iléèwé lọ fọ́ gbogbo ohun àtijọ́ ni. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ apá, wọ́n ń wọ ilé kiri, wọ́n ń gba owó oníhò, wọ́n ń já owó ààbò lọ́rùn ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà sínú àpò ọkà. Wọ́n wá ní kí òun jókòó ti àpò náà, kó ṣa wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ilé tí wọ́n ti ń yọ́ idẹ. Inú àpò yẹn ló ti mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tó fi ń bọ́ wa, tí mo fi ń pariwo kiri ọjà, inú àpò ohun tí wọ́n fipá gbà ló ti kọ́ ọ.

"Ilé agbẹ́kànga wá ńkọ́?"

"Wọ́n ti sọ fún wa pé ọmọbìnrin rẹ̀ ní owó ẹlẹ́ranko lọ́rùn. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí lọ́rùn ọmọ. Ọkùnrin náà ní ó jábọ́ sí kànga. Mo gbá a létí." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wò ó. "Ó dàgbà tó bàbá mi. Mo gbá a débi pé ó fi orúnkún kúnlẹ̀."

"Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ó dúró ti ìkòkò ẹ̀fọ́, ó gbé ọwọ́ lé ìdérí. Ó ní, 'Ọmọ mi, oúnjẹ òtútù wa nìyí, bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn.' Ó wá rí i pé ebi ń pa mí. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó yọ gbòǹgbò kan, ó fi sáàrin búrẹ́dì, ó fún mi. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ọkọ rẹ̀ létí. Mo jẹ ẹ́."

Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Mo rí okùn pupa," ó wí. "Ó yọ díẹ̀ létí ìdérí. Mo rí i, mi ò sọ fún àwọn yòókù. Oúnjẹ rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi."

Ẹ gbọ́, mo ti bá ọkùnrin yìí gbé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó, mo ń wo ẹ̀fọ́. Ní ìgbẹ̀yìn mo ní, "Ó dáa. Ẹ dìde. Ọmọ oṣù kan wà nílé Bai tó ń mu omi jéró."

Ó lọ. Ilé ìdáná Ìyá Bai ló lọ, ó rọra sọ fún un pé òun ṣàṣìṣe, pé owó náà kì í ṣe ti òkú. Ó bọ̀ kí tíì rẹ̀ tó tutù.

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní ogójì èèyàn ni mo sọ ọ́ fún, mo wá ń sọ ọ́ sí òun létí báyìí. Ó ní èló ni Cuilian fi di ẹnu mi. Ó ní kí ni mo rí tó fi dá mi lójú."

"Kí lẹ fi dá a lóhùn?"

"Mi ò lè sọ ọ́, Ìyá Yanping." Ó dojú kọ ògiri. "Mo gbọ́ ẹkún ọmọ náà láti inú yàrá. Ó ti ń tínrín."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ wá rìn wá sílé?"

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ikú ta ni? Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kú, ọmọ yẹn ni! Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè jẹ́rìí sí i. Ìyá Cuilian ti kú, bàbá rẹ̀ ti kú, Cuilian fúnra rẹ̀ kéré nígbà náà, kò mọ ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiyín ti lọ fún mẹ́rìnlélógún. Ẹ lọ pàdé ẹ̀ o!"

Ẹnu mi mú lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí bó ṣe mú.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mi ò tẹ́ aṣọ. Mo ti ránṣẹ́ sí Xigou, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ dídùn tan Ìyá Bai wá, mo ní ọkọ mi fẹ́ tọrọ àforíjì lójú ọjà. Ó gbé Shuanzhu dání kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ náà ti rù. Cuilian dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára aṣọ òwú yẹn.

Laishun gun orí àpótí rẹ̀. Ó na owó náà sókè.

"Mo parọ́ mọ́ agbẹ́kànga," ó wí. "Owó yìí ò dé ibojì rí. Inú ìkòkò ẹ̀fọ́ ló gbé. Iyọ̀ ló sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé."

"Báwo lo ṣe mọ̀?" Ìyá Bai bi í.

"Mo wà níbẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Aṣọ pupa, àpò ọkà, ìgbájú, búrẹ́dì. Kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó sọ pé kò sí àbúrò bàbá. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà láàrin èrò bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà ara wọn. Mo mọ méjì nínú wọn tí wọ́n jọ gbé àpò náà. Ọlọ́bẹ̀ wà nínú wọn.

Cuilian rìn wá síwájú àpótí.

"Bàbá mi ò fi etí òsì gbọ́ràn mọ́ títí ó fi kú," ó wí. "Ó sọ fún wa pé bíríkì kànga ló jábọ́ lù ú." Ó na ìka sí Laishun. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò bọ̀wọ̀ fún un mọ́, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí. "O máa ń tọ́ ọ wò. Gbogbo owó tí wọ́n bá gbé wá bá ọ, o máa ń tọ́ ọ wò. Temi nìkan ni o kò tọ́ wò. Tọ́ ọ wò."

Ọkọ mi yọ ahọ́n. Ó tọ́ ọ wò níwájú ogójì èèyàn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ni?"

"Iyọ̀ ni."

"Sọ ọ́ sókè."

"Iyọ̀ ni!"

Ìyá Bai dúró. Ó wo owó náà, ó wo ọmọ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ọjà sì ń wo òun alára. Ó na ọmọ náà sí ìyá rẹ̀. Orí àpótí wa ni Cuilian jókòó sí tó ti fún un lọ́yàn, nínú òtútù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi aṣọ bò wọ́n. A ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń gbé e mì.

Nígbà tó yó, Cuilian dìde, ó fa òwú kan yọ létí aṣọ rẹ̀, ó fi so owó náà padà sí i lọ́rùn. Ó wá wo gbogbo wa yíká.

"Ó ku ẹnìkan," ó wí. "Ta ló sọ̀rọ̀ kànga yẹn?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkọ mi mọ̀. Ó dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ tutù fún omijé, kò yí orí síbi tí mo wà. Mo di kẹ́tùrù tíì mú. Omi inú rẹ̀ gbóná, mo sì jẹ́ kó máa jó mi lọ́wọ́. Cuilian dúró títí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Èmi ni. Èmi Ren Qiaolan ni mo ké sókè pé ó gbẹ́ kànga tán, kí ló tún ń gbẹ́, kí ọjà lè rẹ́rìn-ín, kí oníbàárà lè pọ̀ sí i.

Laishun ò tún wo owó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń bá wọn ru ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin títí tó fi kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó sì kú bí ẹni tó ti sọ tirẹ̀ tán. Shuanzhu ti ní ìyàwó báyìí, ó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun òpópónà wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá mi gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ wọlé, mo sì bu díẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀fọ́ yín dùn o, ó jọ ti màmá mi." Owó náà yọ lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti dúdú, ó ń dán. Mo ní kó kí màmá rẹ̀ fún mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ṣì ń wá ẹnu tí màá fi sọ fún màmá rẹ̀ pé èmi ni.